Ìjókòó Ẹ̀yìn Nínú Bọ́ọ̀sì Wúrà

Ìbéèrè kan ló so Wúrà àti Bíọ́dún pọ̀. Ìbéèrè mìíràn ló kù díẹ̀ kó tú wọn ká. Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́ ná.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, lóṣù Kẹwàá, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Rush Green, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wúrà gbé eré orí fóònù rẹ̀ wá kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dán an wò. Nọ́ọ̀sì ni. Ọdún mẹ́fà ló ti ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ ní Barking, lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti àwọn àrùn tó ń bá a rìn. Ó ti sú u láti máa pín ìwé pélébé tí wọ́n ń jù sínú pàǹtírí lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù nìkan ni kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun yóò lọ bá wọn níbẹ̀.

Òun àti Hamid, ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n jọ ṣe é. Bọ́ọ̀sì Wúrà ni wọ́n pè é. Ẹni tó ń ṣeré náà ni awakọ̀. Èrò á wọlé ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́: pé obìnrin kì í lóyún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé ẹni tó bá wẹ̀ dáadáa kò lè kó àrùn. Awakọ̀ á tẹ òótọ́ tàbí irọ́. Bó bá gba ìdáhùn náà, ọkọ̀ á lọ, èrò á sì débi tó yẹ kó dé, ìbáà ṣe ilé, ilé oògùn, tàbí ilé ìwòsàn. Bó bá ṣì í, ọkọ̀ á dánu dúró, gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín, wọn á sì já awakọ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀ sójú títì.

Bíọ́dún Adéyanjú ló ni kíláàsì ọjọ́ náà. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kọ́ wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, kò fẹ́ràn ariwo. Ó fara ti ògiri lẹ́yìn, ó ń wòran. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí òun náà wa bọ́ọ̀sì. Ó kọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi gbà.

Ó gbé èrò méjì, kò sí wàhálà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé, ọmọbìnrin kan tó gbé àpò kọ́ èjìká. Ó ní, "Kò síbi tó ń dùn mí, kò síbi tó ń yún mi. Àrùn kankan ò sí lára mi."

Bíọ́dún ò ronú. Ó tẹ òótọ́.

Ọkọ̀ dánu dúró. Kíláàsì gbiná.

"Sà! Wọ́n ti já yín sílẹ̀!"

"Tíṣà wa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé o!"

Ẹ̀rín ń pa Wúrà, ó pa ẹnu mọ́. Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ àrùn ìbálòpọ̀ kì í pariwo. Ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má dùn, kó má yún. Àyẹ̀wò ló ń tú u fó. Kíláàsì ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tíṣà ló ń gbọ́ jù.

Lọ́sàn-án, nígbà tí Wúrà dé ibùdókọ̀, ó bá Bíọ́dún níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Èmi ni wọ́n já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Mo mọ̀ yín. Ẹ ò ní mọ́tò ni?"

"Mo ní. Ó wà nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Kí wá lẹ ń ṣe ní ibùdókọ̀?"

"Mo fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń padà wọ ọkọ̀ tó já a sílẹ̀."

Wúrà wò ó. Ọkọ̀ dé, kò wọ̀ ọ́. Òmíràn dé, kò wọ ìyẹn náà.

Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, ẹsẹ̀ Bíọ́dún ti mọ ọ̀nà Gascoigne dunjú. Ibẹ̀ ni Wúrà àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, nínú ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wó ilé wọn àtijọ́. Lọ́sẹ̀ tí Bíọ́dún kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìnrìn àjò, Wúrà gbé fóònù síwájú lórí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́, òun tó máa ń sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i. Ó kàn fi orin bọ ẹnu.

Lóṣù Kẹta, létí odò ní Barking, Bíọ́dún ní òun fẹ́ fi í ṣe aya.

"Òótọ́ àbí irọ́?" ni Wúrà bi í.

"Òótọ́."

"O gbà á lónìí."

Ó kù kí Wúrà rí àwọn òbí Bíọ́dún. Marks Gate ni wọ́n ń gbé. Aládùúrà ni wọ́n, àwọn òbí Wúrà sì jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì tí kì í wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Bíọ́dún, Olúbọ̀dé Adéyanjú, ti ṣe akọ̀wé ìjọ fún ọgbọ̀n ọdún. Bàbá Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Lẹ́tà tó ti kọ láyé pọ̀ ju ọ̀rọ̀ tó ti sọ lọ. Ìyá rẹ̀, Bùnmi, ló ń sọ ti àwọn méjèèjì.

Wúrà kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Bùnmi fi ẹran kún tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló béèrè.

"Wúrà, ọmọ mi, irú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wo gan-an lò ń ṣe?"

Wúrà sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Bùnmi gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì Wúrà? Ìwọ ni Wúrà inú bọ́ọ̀sì yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Yéè! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan nínú ìjọ wa bi ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ pé, ṣé ìyá òun àti bàbá òun ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó bí òun! Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbààwẹ̀ lé e lórí!"

"Kí ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, mà?"

"Kó dá a lóhùn? Ó lé e wọ yàrá ni."

"Ìdí tí mo fi ṣe bọ́ọ̀sì náà nìyẹn, mà."

Bíọ́dún ń wo inú àwo. Bùnmi gbé ohùn wálẹ̀, ìyẹn sì le ju igbe lọ.

"Mi ò kórìíra rẹ. Ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ni ọ́, ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n orúkọ lobìnrin ń gbé wọlé ọkọ. Yọ orúkọ rẹ kúrò lára nǹkan yẹn. Kí wọ́n máa pè é ní ohun tó bá wù wọ́n. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, màá bi ọ́. Bí o bá ti yọ ọ́, ẹ dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí o ò bá yọ ọ́, kí oníkálukú máa lọ."

"Màámi..." ni Bíọ́dún bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Bàbá Akọ̀wé ò dá sí i. Lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí Wúrà ń wọ bàtà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. "Báwo ni wọ́n ṣe ń rí nǹkan náà lórí fóònù?"

Wúrà fi hàn án. Ó fi ibùdókọ̀ hàn án, ó fi èrò hàn án. Ó tún tọ́ka sí ìsàlẹ̀ pátápátá. "Ìjókòó Ẹ̀yìn nìyí, sà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò lè bi ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Kò ní kọ orúkọ. Èmi ni mo máa ń dáhùn fúnra mi."

"Hùn-ún," ni bàbá náà wí.

Àǹtí Mọ́níkẹ́ ni alárinà. Ìbátan Bùnmi ni. Ó ti so ìgbéyàwó mẹ́sàn-án, ó ní ìkankan ò tíì tú, èyí tó sì fẹ́ tú, òun dúró tì í. Ó wá sí Gascoigne lọ́sàn-án Sátidé kan.

"Mo ti wádìí yín dé Ìjẹ̀bú," ló sọ fún Wúrà. "Kò sí wèrè nílé yín, kò sí olè. Bàbá ìyá rẹ nìkan ló máa ń jà nídìí ayò, ìyẹn ò sì tó nǹkan. Orúkọ ara bọ́ọ̀sì yìí ló kù. Yọ ọ́, kí o wọlé ọkọ. Tó bá dọdún kejì, ta ni yóò mọ̀ bí o bá dá a padà?"

"Àǹtí, ẹ ní kí n fi irọ́ wọlé ọkọ?"

"Ta ló wọlé ọkọ láìsí irọ́ díẹ̀ lápò? Èmi sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ràn ẹja gbígbẹ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé, mo ṣì ń jẹ ẹ́."

Wúrà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Lóòótọ́, orúkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ kọ́, orúkọ náà ni wọ́n mọ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ò ní wá ilé ìwòsàn. Àǹtí Wúrà ló ń wá. Ó tún rántí ọwọ́ Bíọ́dún létí odò. Ó gbé fóònù, ó pè é.

"Mi ò ní sọ pé kí o yọ ọ́," ni Bíọ́dún wí.

"Ṣùgbọ́n?"

"Ṣùgbọ́n ìyá mi ni, Wúrà. Mi ò lè gbé ọ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

Wúrà lọ bá bàbá rẹ̀. Sámúẹ́lì ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ń nu bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàámi, ṣé kí n yọ orúkọ náà?"

"Kí ló wà níwájú ọkọ̀ tí mò ń wà?"

"Nọ́ńbà, àti ibi tó ń lọ."

"Bí mo bá pa á rẹ́ ńkọ́?"

"Èrò ò ní mọ ibi tó ń lọ."

"Wọn ò ní wọ̀ ọ́." Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. "Mi ò ní kí o má yọ ọ́ o. Ìwọ lò ń wa tìrẹ."

Wọ́n fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹfà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Wúrà jókòó síbi iṣẹ́, ó ṣí Ìjókòó Ẹ̀yìn. Ìbéèrè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Mẹ́wàá kúrú, bí àwọn ọmọdé ṣe ń kọ̀wé. Ọ̀kan gùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó àwọn ọ̀dọ́. Ọkùnrin ni mí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oṣù mẹ́jọ rèé, agbára ọkùnrin ti fi mí sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti kó lọ sí yàrá kejì. Ìyàwó mi rò pé mo ti rí ẹlòmíràn. Mò ń rò ó láti pa oògùn náà tì. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni tiyín nínú Olúwa, Olúbọ̀dé Adéyanjú, Akọ̀wé Ìjọ."

Wúrà kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó rí bó ṣe ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń fi orúkọ parí lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún ò mọ ọ̀nà mìíràn láti parí rẹ̀. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ kí ojú tó rí i.

Ojú tì í. Bàbá ọkọ rẹ̀ lọ́la ni. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dé etí ìyàwó ilé. Ó wá yé e ìdí tí ohùn Bùnmi fi le tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti ń sùn lóun nìkan fún oṣù mẹ́jọ, tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Èrò mìíràn náà wá. Kò pè é, ó wá. Bó bá ju gbólóhùn kan péré sí bàbá náà létí, yóò bá a bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ogun á sì parí. Ó wo èrò náà dáadáa. Ó gbé e jù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ní ìjókòó ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ń gbé.

Ó dáhùn bó ṣe ń dá gbogbo wọn lóhùn.

"Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, sà. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè fa èyí, ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ sì lè fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, ewu wà níbẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ fún dókítà yín bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí. Ó lè pààrọ̀ oògùn, ó sì lè wá ọ̀nà mìíràn. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ sọ fún ìyàwó yín. Àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́."

Lẹ́yìn tí ìdáhùn ti lọ, ó pa orúkọ náà rẹ́. Ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Hamid ní kí ló dé tó ń làágùn. Ó ní ooru ni.

Bíọ́dún náà rí i lójú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. "Kí ló ń dà ọ́ láàmú?"

"Iṣẹ́ ni."

"Nǹkan wà tí o ò sọ fún mi."

"Ó wà. Mi ò sì ní sọ ọ́." Òun ni ohun àkọ́kọ́ tó fi pamọ́ fún un. Ó dun àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn Adéyanjú wọ ilé ní Gascoigne, èso àti àkàrà òyìnbó lọ́wọ́ wọn. Bàbá Akọ̀wé wọ agbádá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wúrà kúnlẹ̀ kí i. Kò wo ojú rẹ̀. Òun náà ò wo tirẹ̀. Àǹtí Mọ́níkẹ́ dárin, ó dá àpárá, ó yin ẹbí méjèèjì dé ìran kẹta. Lẹ́yìn náà, Bùnmi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má bínú. Mo ní ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ọmọ náà. Wúrà, ṣé o ti yọ ọ́?"

Wúrà wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó rí bàtà bàbá rẹ̀ tó ń dán. Ó rí ọwọ́ Bíọ́dún tó dì mọ́ra.

"Mi ò yọ ọ́, mà."

Àǹtí Mọ́níkẹ́ mí kanlẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín, mà. Mo fẹ́ wọlé yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ orúkọ náà, àwọn ọmọ tó ń wá mi á rò pé ojú ohun tí mo sọ fún wọn ló ń tì mí. Kò tì mí."

"Ó dáa," ni Bùnmi wí. "O ní iṣẹ́ rere ni. Dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí bọ́ọ̀sì rẹ ti ṣe lóore. Ẹnì kan péré. Bí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, mo gbà."

Ẹni tó lè dárúkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wúrà ò yí ojú síbẹ̀. Ó ń wo rọ́ọ̀gì.

"Mi ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, mà. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn bọ́ọ̀sì mi kì í lórúkọ."

"Wúrà!" ni Bíọ́dún wí. "Sọ nǹkan kan. Ẹyọ kan."

Ó mi orí. Omi lé sí i lójú, kò jẹ́ kó bọ́.

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀," ni Bùnmi wí. Ó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀. "Ìyẹn ni pé kò sí."

"Ó wà."

Gbogbo ojú yí sí fèrèsé. Bàbá Akọ̀wé ló sọ̀rọ̀.

"Ta ni?" ni Bùnmi béèrè.

"Èmi."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀ nìkan. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo lọ pààrọ̀ oògùn. Mo sọ fún ọ pé dókítà ló là mí lọ́yẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ní kí n lọ bá dókítà. Òun náà ló ní kí n wá bá ọ sọ ọ́ kí n tó sùn."

Bùnmi tún gèlè rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ̀.

"Akọ̀wé! Ìwọ? Nínú eré ọmọdé?"

"Ìjókòó ẹ̀yìn ni mo jókòó sí."

"Ẹ káàbọ̀ sínú ọkọ̀ wa, sà," ni Sámúẹ́lì wí, bí ẹni tó wà níbi iṣẹ́.

Àǹtí Mọ́níkẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ilé sì gbà á. Bùnmi ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ̀rọ̀. "Wúrà, ìwọ lo rán an sí mi?"

Wúrà tẹ orí ba. "Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ, mà."

"Ṣé ẹ rí i?" Bàbá Akọ̀wé dìde. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí níṣojú Wúrà. "Mo kọ orúkọ mi sí i nínú àṣìṣe, tòun ti oyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń dúró kó tà á. Wọ́n ní kó fi ra ọkọ báyìí, lójú mi, kò tà á. Mo fúnra mi jẹ́wọ́, ó ṣì ń pa á mọ́. Mọ́níkẹ́, o lọ dé Ìjẹ̀bú. Èmi ò kúrò ní Marks Gate. Ìwádìí ti parí."

Ó jókòó padà.

Bùnmi fa Wúrà dìde. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti padà sí ti ìyá tó ń pàṣẹ.

"Orúkọ yẹn ò dára bẹ́ẹ̀."

"Mà?"

"Kò pé. Wúrà wo? Wúrà pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó tán, kọ Adéyanjú sí i. Kí wọ́n mọ ilé tó ti wá."

Bíọ́dún bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Wúrà ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, kò sì bi í.

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù Kẹsàn-án. Lọ́jọ́ Ajé tí Wúrà padà síbi iṣẹ́, Hamid ti yí iwájú ọkọ̀ inú eré náà padà: Bọ́ọ̀sì Wúrà Adéyanjú. Bùnmi ti fi hàn gbogbo ìyá tó wà nínú ìjọ. Ó ní kí wọ́n fi sí fóònù àwọn ọmọ wọn, ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó wá bá òun.

Wúrà jókòó, ó ṣí Ìjókòó Ẹ̀yìn. Ìbéèrè mẹ́rìnlélógún. Èyí tó wà lókè pátápátá kì í ṣe ìbéèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ti dá. Mo ti kó kúrò ní yàrá kejì. Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Èmi ni tiyín nínú Olúwa."

Kò kọ orúkọ.